Abọ́ Ọmọ Tí Ìyá Àgbà Ń Bù

Ọdún tí katakata rì sínú ẹrẹ̀ lẹ́yìn Ìkátẹ ni. Bí ẹ bá bi mí pé ọdún wo ni ìyá bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í dáná fún àwọn arúgbó, bí mo ṣe lè dáhùn nìyẹn, torí n kò mọ̀wé, n kò sì mọ ọdún tí òyìnbó ń kà. Wọ́n ń la títì ńlá tó lọ sí Ẹ̀pẹ́ nígbà náà. Katakata yìí gun orí ilẹ̀ kan tó jọ ilẹ̀ gidi, ni ilẹ̀ náà bá rọra ń gbé e mì, títí tó fi ku orí rẹ̀ nìkan lókè, bí orí erinmi. Ó tó oṣù kan tó fi wà níbẹ̀. Láàárọ̀, tí ìkùukùu bá ti ojú òkun wá, tó bo gbogbo ọ̀nà, àwa tí à ń lọ síbi iṣẹ́ a máa kí i bí a bá ń kọjá: "Katakata, ṣé dáadáa lo jí?" A ó máa rẹ́rìn-ín. Ìyá Àgbà kì í bá wa rẹ́rìn-ín. Á dúró, á wò ó, á ní, "Gbogbo yín lẹ̀ ń kí i, kò sẹ́ni tó bi í bóyá ó ti jẹun."

Ó ti pẹ́ tó ti lọ. Nígbà tí a sin ín, àwọn tó mọ̀wé nínú ẹbí ka ibi tí wọ́n bí i sí àti iye ọmọ tó bí, ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. N kò rí Ìyá Àgbà nínú gbogbo ohun tí wọ́n kà. Ìyá Àgbà tèmi ni obìnrin kúkúrú tó máa ń kán ọbẹ̀ sí ẹ̀yìn ọwọ́ kó tó tọ́ ọ wò, tó ń bá ìkòkò sọ̀rọ̀, tí kì í jẹun àfi tí àwọn tó dáná fún bá ti jẹ. Títí di òní mo máa ń rí i lójú oorun. Kì í wo ojú mi. Ọwọ́ mi ló máa ń wò, bóyá mo gbé nǹkan jíjẹ dání. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ọmọ ọmọ mi mú bírò wá, kí n máa sọ, kó máa kọ.

Ilé gígùn kan wà létí títì tuntun náà, láàárín Ìkátẹ àti Ìlasàn. Obìnrin olówó kan ló kọ́ ọ, ó ní kí àwọn arúgbó tí kò rí ẹni tọ́jú wọn wá máa gbé ibẹ̀. Mẹ́rìnlá ni wọ́n. Ìyá Àgbà ló ń dáná fún wọn, èmi tí mo ti tó ẹni tó ń lọ sílé ọkọ nígbà náà ni mò ń bá a lọ ata. Ìyá Ìkátẹ ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, torí láti Ìkátẹ la ti ń fẹsẹ̀ rìn wá. Títì náà ṣì ṣófo. Ewúrẹ́ ń sùn láàárín rẹ̀. Òórùn ọ̀dà tuntun gba gbogbo afẹ́fẹ́, òkun ń mí lápá ọ̀tún wa, ọ̀sà ń mí lápá òsì, àwa méjèèjì á máa rìn lọ láàárín bí ẹni tí kò tíì jí tán. Lọ́jọ́ mìíràn, a ò ní sọ̀rọ̀ kankan títí a ó fi débẹ̀. Bí a bá dé ẹnu ọ̀nà, á fi ọwọ́ kan ògiri, á ní, "Ilé yìí ti jí. Ebi ló jí i."

Ẹja ni mo fẹ́ sọ ṣáájú. Létí òkun ló ti máa ń rà á, nígbà tí àwọn apẹja bá fa àwọ̀n wọn gòkè. Á gbé e wá, á sè é, á wá lọ jókòó sẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná, á máa yọ egungun rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń tú irun ọmọ tuntun. Lẹ́yìn náà á to ẹja náà padà, orí níbi orí, ìrù níbi ìrù, bí ẹni pé ọwọ́ kankan kò kàn án. Mo bi í lọ́jọ́ kan.

"Ìyá Àgbà, ẹ ò ṣe yọ ọ́ níwájú wọn? Wọ́n á mọ̀ pé ẹ̀ ń tọ́jú wọn."

Kò gbójú sókè. Ó ní, "Rísí, ọjọ́ tí àgbà bá rí i pé wọ́n ń yọ egungun ẹja fún òun, ọjọ́ yẹn ni ẹja ò ní dùn mọ́."

Ó níjà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ènìyàn jẹ́jẹ́ ni. Òun àti Mátírọ̀nù kì í sinmi. Mátírọ̀nù ni ó ń ṣàkóso ilé náà. Obìnrin dáadáa ni, ilé ìwòsàn ńlá ló ti ṣiṣẹ́ kó tó fẹ̀yìn tì, aṣọ rẹ̀ kì í rún. Ó lẹ táímùtébù oúnjẹ mọ́ ara ògiri: ọjọ́ báyìí, ẹ̀wà, ọjọ́ báyìí, ìrẹsì. Ó kà á fún Ìyá Àgbà lẹ́ẹ̀kan. Ìyá Àgbà há a sórí lọ́jọ́ kan náà, kò sì tẹ̀ lé e ní ọjọ́ kejì. Ojú ọ̀run lòun máa ń wò. Ó máa ń wo ẹni tí kò sùn dáadáa, ẹni tó ń wúkọ́, ẹni tí kò sọ̀rọ̀ láàárọ̀ yẹn. Ìkòkò kan ló ń gbé kaná, ṣùgbọ́n ọ̀nà mẹ́ta ni iṣu inú rẹ̀ ń gbà jáde. Ẹni tó léyín, a ó gé tirẹ̀ fún un. Ẹni tí eyín rẹ̀ ku díẹ̀, a ó fi tirẹ̀ ṣe àsáró. Ẹni tí kò léyín rárá, a ó fi epo gún tirẹ̀ títí yóò fi kúnná bí ògì. Ata kì í sí nínú ìkòkò. Ó wà lọ́tọ̀ nínú ike, kí ẹni tó bá fẹ́ bù ú fúnra rẹ̀. Dókítà sì ti ní iyọ̀ kò dára fún púpọ̀ nínú wọn, torí ẹ̀jẹ̀ ríru. Ìyá Àgbà kò bá dókítà jà. Irú ló fi dípò iyọ̀, àti edé lílọ̀, àti ewé efinrin tó ń já lẹ́yìn ilé. Nígbà tí òórùn irú bá gba ọ̀nà àárín ilé kọjá, ẹ ó máa gbọ́ tí ibùsùn ń dún kákiri, torí wọ́n ń dìde.

Mátírọ̀nù á wá dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná.

"Màmá, ẹ̀wà ni tòní o."

"Òjò ń bọ̀, Mátírọ̀nù. Orúnkún ti ń ro wọ́n látàárọ̀. Ọbẹ̀ ẹja gbígbóná ni ara wọn ń wá."

"Táímùtébù ní ẹ̀wà ni."

"Ẹ bá mi bi táímùtébù bóyá orúnkún ń ro òun náà."

Ohun kan wà tí Ìyá Àgbà kì í ṣe láéláé. Kì í bi àgbà pé kí ni yóò jẹ. Mátírọ̀nù ṣe é lẹ́ẹ̀kan. Ó mú ìwé àti bírò, ó ń lọ láti ibùsùn kan dé òmíràn: "Bàbá, kí lẹ fẹ́ jẹ lọ́sẹ̀ yìí? Màmá, kí ló ń wù yín?" Àwọn mẹ́rìnlá ló dá a lóhùn, ohùn kan náà ni: "Ohun tó bá wà náà ni, ọmọ mi." Ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà mẹ́rìnlá! Nígbà tó fi ìwé náà han Ìyá Àgbà, Ìyá Àgbà di ẹnu mú kí ẹ̀rín má baà yọ. Ó ní, "Mátírọ̀nù, àgbà tó bá dárúkọ ohun tó fẹ́ jẹ ti di wọ̀bìà lójú ara rẹ̀. Ẹ ò lè gbọ́ ọ lẹ́nu wọn."

Mo ti dé ibi tí mò ń lọ báyìí.

Bàbá kan wà láàárín wọn tí à ń pè ní Bàbá Kápẹ́ńtà. Ará Ìkirè ni. Iṣẹ́ tó ṣe kẹ́yìn láyé rẹ̀ ni pátákó tí wọ́n fi mọ kọ́ńkéré àwọn afárá kéékèèké abẹ́ títì náà. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, ọmọ kan ṣoṣo tó bí ti lọ sí òkèèrè, kò gbúròó rẹ̀ mọ́. Tí a bá gbé e jókòó síta lọ́sàn-án, á na ìka sí ibi tí títì wà, á ní, "Igi mi wà lábẹ́ ibẹ̀ yẹn." Ohùn rẹ̀ rọ̀, bí ohùn ẹni tó ń sọ àlá rẹ̀ fún ẹ.

Mátírọ̀nù máa ń wo àwo lẹ́yìn oúnjẹ. Àwo kan kì í ṣófo. Gbogbo wọn ló ń ṣẹ́ oúnjẹ kù, lójoojúmọ́.

"Màmá, ẹ wò ó. Wọn ò jẹ ẹ́ tán. Oúnjẹ yín ò wù wọ́n."

Ọ̀rọ̀ yìí dun Ìyá Àgbà. Odidi ọjọ́ kan ni kò bá ìkòkò sọ̀rọ̀.

"Ẹ dín in kù nígbà náà," Mátírọ̀nù ní. "Ẹ bu ìwọ̀n tí wọ́n lè jẹ."

A sì dín in kù. Ibi tí a ti ṣìṣe nìyẹn, a kò sì mọ̀. Bí a ṣe ń dín in kù, ohun tó ń ṣẹ́ kù sínú àwo kò dín. Ẹni tó ń ṣẹ́ òkèlè mẹ́ta kù tẹ́lẹ̀ ṣì ń ṣẹ́ mẹ́ta kù. Nínú ti ara rẹ̀ ló ń yọ ọ́. Láàárín oṣù kan, aṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í tóbi lọ́rùn wọn. Bàbá Kápẹ́ńtà ló burú jù. Egungun èjìká rẹ̀ yọ síta bí igun àpótí. Nígbà tó di ọjọ́ kan, kò lè dìde jókòó mọ́ láìjẹ́ pé a fọwọ́ tì í lẹ́yìn. Mátírọ̀nù gbé e sórí òṣùwọ̀n, ó wo òṣùwọ̀n náà, ó wo ilẹ̀.

Ó wá bá wa nílé ìdáná. Ọjọ́bọ̀ ni. "Tó bá di Sátidé tí Bàbá ò jẹun, mọ́tò yóò wá gbé wọn lọ sílé ìwòsàn. Wọ́n á fi rọ́bà ti oúnjẹ gba imú wọn. Màmá, mo ti rí àwọn tí wọ́n ṣe é fún ní irú ọjọ́ orí yẹn. Wọn kì í padà wá." Omi wà lójú rẹ̀ bó ti ń sọ ọ́. Mo ti sọ fún yín pé obìnrin dáadáa ni.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, Ìyá Àgbà kò jẹ́ kí n fọ àwo. Ó to àwo mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá sílẹ̀ sórí símẹ́ńtì, ó jókòó síwájú wọn bí ẹni jókòó síwájú ọmọ tó ń ṣàìsàn.

"Rísí, wá. Kí lo rí?"

"Àjẹkù ni, Ìyá Àgbà."

"Wò ó dáadáa. Ẹja ńkọ́?"

Mo bẹ̀rẹ̀. Ẹja wà nínú gbogbo àwo. Agbedeméjì ẹja, ibi tó dùn jù, wọ́n gbé e lé orí òkèlè, wọn kò fi kan ẹnu. Wọ́n ti gbogbo rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n sì fi ìka nu ìyókù àwo mọ́.

Ó ní, "Ẹni tí oúnjẹ ò wù, ẹja ló kọ́kọ́ ń jẹ níbẹ̀. Ta ni wọ́n fi èyí sílẹ̀ dè?"

Gbogbo wa náà la mọ̀ ọ́n, bẹ́ẹ̀ la tọ́ wa dàgbà: ọmọ tó bá jókòó ti àgbà níbi oúnjẹ ló ń jogún àwo. Òun ló máa jẹ ìyókù, òun ló máa fọ̀ ọ́. Àgbà tó bá lá àwo mọ́ níwájú ọmọ, ìtìjú ló jẹ fún un. Kò sí ọmọ kankan nínú ilé gígùn yẹn. Àwọn náà mọ̀ pé kò sí. Ìyá Àgbà gbé àwo Bàbá Kápẹ́ńtà lé ẹsẹ̀, ó ń wò ó. Ó ní, "Orí wọn mọ̀. Ọwọ́ wọn ni kò tíì gbọ́."

Láàárọ̀ Jímọ̀, èmi ni mo ṣáájú dé ilé gígùn náà, ìkùukùu sì pọ̀ débi pé n kò rí títì. Ìyá Àgbà ń bọ̀ nínú rẹ̀, mo kọ́kọ́ gbọ́ ìró kí n tó rí i: ó dún bí ìgbà tí wọ́n ń lu agogo. Abọ́ tánganran kéékèèké ló dì sínú aṣọ, ó rù wọ́n. Ó ti wọ gbogbo ilé ní Ìkátẹ lọ tọrọ wọn, òmíràn ní òdòdó lára, òmíràn ti ṣá létí.

Ní ọ̀sán, gbogbo wọn jókòó sídìí tábìlì. Ó bu oúnjẹ wọn kún, bí ìwọ̀n ti tẹ́lẹ̀. Ó wá gbé abọ́ kékeré kọ̀ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo kọ̀ọ̀kan, ó fi ìdérí dé e. Mátírọ̀nù dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó káwọ́ mọ́ àyà.

Ìyá Àgbà ní, "Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́. Mo ti bu tọmọ sọ́tọ̀. Èyí tó wà nínú àwo ńlá, tiyín ni. Ẹ jẹ ẹ́ tán. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀."

Bàbá Kápẹ́ńtà, tí mo fọwọ́ tì lẹ́yìn, yíjú sí i pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Ọmọ wo, Ìyá Ìkátẹ?"

"Èyí tí ẹ ti ń ṣẹ́ oúnjẹ kù fún láti ọjọ́ yìí wá, Bàbá."

Bàbá Kápẹ́ńtà na ọwọ́, ó ṣí ìdérí abọ́ kékeré náà díẹ̀, ó yọjú wò ó.

"Ṣé ẹ fi ẹja sí i?"

"Agbedeméjì ni, Bàbá."

"Ó dáa." Ó dé e padà, ó fi àtẹ́lẹwọ́ lù ú lórí lẹ́ẹ̀mejì, bí ẹni lu orí ọmọ. Ó wá fa àwo ńlá mọ́ra, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Mo ń ka òkèlè náà lẹ́yìn rẹ̀ láìmọ̀. Ó jẹ ẹ́ tán. Ó wo ìsàlẹ̀ àwo, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Òdòdó wà nísàlẹ̀ àwo yìí! N kò mọ̀."

Màmá Tíṣà, tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́ ọmọ níwèé, gbé ojú sókè nínú oúnjẹ tirẹ̀. "Ìyá Ìkátẹ, ọmọ tèmi kì í jẹ irú o. Mọ́ínmọ́ín ló fẹ́ràn. Mọ́ínmọ́ín eléwé."

"Ọmọ yín yìí ti bàjẹ́," ẹnìkan ní láti ìdí tábìlì kejì. "Ẹ̀yin lẹ bà á jẹ́."

"Kí ló kàn yín? Ẹ bá tiyín wí!"

Bàbá Kápẹ́ńtà nu ẹnu. Ó ní, "Tèmi… tèmi máa ń ké fún dòdò. Èyí tó pọ́n dáadáa."

Ìyá Àgbà kàn ń mi orí, ó ń gbà á sínú. Ohun tí ìwé Mátírọ̀nù kò rí gbà lẹ́nu wọn, wọ́n ń sọ ọ́ fúnra wọn, mẹ́rìnlá, ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n tún ń já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ara wọn lẹ́nu. Láti ọjọ́ náà lọ, bí ó ṣe ń ṣètò oúnjẹ nìyẹn. Ohun tí ọmọ bá ń fẹ́ ló ń wọ abọ́ kékeré. Tó bá di nǹkan bí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, nígbà tí oorun ọ̀sán bá ti tán lójú wọn tí inú wọn tún ti fẹ́rẹ̀, á gbé abọ́ náà padà lọ bá wọn. Á kúnlẹ̀. "Ọmọ ti yó. Ó ní kí ẹ bá òun jẹ ìyókù." Wọ́n á sì jẹ ẹ́, nínú oòrùn ìrọ̀lẹ́ yẹn tó máa ń pọ́n bí epo lára ògiri.

Mọ́tò ilé ìwòsàn dé ní Sátidé. Ó bá Bàbá Kápẹ́ńtà níbi tó ti ń bá Màmá Tíṣà jiyàn lórí ọmọ ta ló ní ọ̀yàyà jù. Mátírọ̀nù ní kí awakọ̀ máa padà. Ó wá bá Ìyá Àgbà lẹ́yìn ilé, ó jókòó sórí odó tí a dojú rẹ̀ dé, òun tí kì í fẹ́ kí aṣọ rún.

"Màmá, ta ló ń jẹ ohun tó wà nínú abọ́ kékeré yẹn gan-an?"

"Àwọn náà ni."

"Ṣé wọ́n mọ̀?"

Ìyá Àgbà ń já ewé efinrin. Ó ní, "Mátírọ̀nù, ta ni kò mọ̀?"

Bàbá Kápẹ́ńtà tún lo ọdún mẹ́rin sí i. Ó sanra débi tó fi ń bá mi wí pé mo tẹ́ẹ́rẹ́ jù. Àwọn ọdún yẹn ń parapọ̀ mọ́ra wọn lórí mi báyìí: àwọn ilé alájà tí ìjọba kọ́ ní Ìlasàn ń kún fún ènìyàn, títì ń kún fún ọkọ̀, ewúrẹ́ kò sùn láàárín rẹ̀ mọ́, ìkùukùu pàápàá dín kù. Mo lọ sílé ọkọ ní Awóyayà. Nígbà tí ara Ìyá Àgbà kò gbé iṣẹ́ mọ́, mo lọ mú un wá sọ́dọ̀ mi.

Kò yọ mí lẹ́nu. Á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ojú rẹ̀ á wà ní títì, ṣùgbọ́n n kò rò pé títì ló ń rí. Bí mo bá gbé oúnjẹ fún un, á ṣẹ́ díẹ̀ kù, á ti ẹja sórí rẹ̀, àwọn ọmọ mi á sáré wá bá a. Tí wọ́n bá ń jà sí i, á ní, "Ẹ máa jà, ẹ máa jà. Ilé tí wọ́n ti ń jà sí àjẹkù, ilé rere ni."

Ọjọ́ kan wá wà. Mo tẹ ẹ̀bà, mo sì se ọbẹ̀ ẹja fún un ní ọ̀sán. Nígbà tí mo padà dé, àwo ti ṣófo. Ẹja ti tán, ó ti fi ìka nu ìsàlẹ̀ rẹ̀. Inú mi dùn! Mo ké pe ọkọ mi pé kó wá wò ó, mo ní ara Ìyá Àgbà ti ń yá. Mo fi ṣeré pẹ̀lú rẹ̀, mo ní, "Ìyá Àgbà, ẹ ò ṣẹ́ nǹkan kan kù fún wa lónìí?"

Ó wò mí. Ojú rẹ̀ mọ́ roro.

"Tìrẹ ti wà nílẹ̀ tipẹ́, Rísí."

Ó ní kí n tẹ́ ẹní fún òun. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta, kò jí.

Èmi tí mo jókòó ti àwo mẹ́rìnlá pẹ̀lú rẹ̀, èmi náà ni mo wo àwo kan tó ṣófo, tí mo sì pàtẹ́wọ́. Nínú ilé tó kún fún ọmọ ló ti nu àwo rẹ̀ mọ́, ó ń dágbére fún wa ni, n kò mọ̀. N kò jókòó tì í lọ́jọ́ náà. Mo lọ fọ àwo.

Mo ti sọ ọ́ fún àwọn ọmọ mi nígbà tí wọ́n dàgbà, mo tún sọ ọ́ fún wọn láìpẹ́ yìí, torí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú wo inú àwo mi tí mo bá jẹun tán. Mo ní: bí ẹ bá rí i pé mo ṣẹ́ oúnjẹ kù, ẹ má pe dókítà, ẹ má bá ẹni tó sè é jà. Ẹ gbé e, ẹ jẹ ẹ́. Ọjọ́ tí ẹ bá bá àwo mi ní òfìfo, ẹ má fọ̀ ọ́. Ẹ wá jókòó tì mí, kí ẹ má sì lọ síbì kankan.